Ohun Tó Ń Jẹ Bẹ́líìtì Ẹ̀rọ Bàbá

Saint-Fulbert,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá, 1993

Marielle ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Hyacinthe ọkọ rẹ ńkọ́? Odile tí mi ò tíì fojú kàn ńkọ́? Mo rí fọ́tò rẹ̀ gbà, mo sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rédíò. Bérangère opó Pilote, aládùúgbò wa, sọ pé iwájú orí mi lọmọ náà gbé. Mo ní kó ṣáà má gbé agídí mi mọ́ ọn.

Èmi náà ṣì ń mí. Láti ọjọ́ Àjọ̀dún Àwọn Ẹni Mímọ́ ni yìnyín ti ń bọ́, kò tíì ṣíwọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi ń fọ́n yìnyín kúrò lọ́nà, èyí tí ìwọ pẹ̀lú mi jọ ń tú, tí a jọ ń tò nígbà tí o wà nílé, ti ń yọ mí lẹ́nu. Bẹ́líìtì ló ń jẹ. O mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, bẹ́líìtì kan a máa bá wa la òtútù bíi mẹ́ta kọjá. Ní báyìí, mo lè fi tuntun sí i lónìí, kó tó di ìparí oṣù, òórùn rọ́bà tó jóná ti gba gbogbo àgbàlá. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ṣùgbọ́n irin alábẹ tó wà lẹ́nu rẹ̀ á dúró gbagidi. Fernand tó ń ta irinṣẹ́ sọ pé wọn ò ṣe bẹ́líìtì bíi ti àtijọ́ mọ́. Mo ní ohun tí gbogbo ẹni tó ń ta ọjà burúkú máa ń wí nìyẹn.

Tí ó bá jẹ́ ti ọ̀nà tèmi nìkan ni, ǹ bá jókòó sílé títí yìnyín á fi yọ́. Ti Bérangère ló ká mi lára. Kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọkọ̀ ilé ìwòsàn ló ń wá gbé e lọ sí ìlú láti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Tí ọ̀nà rẹ̀ ò bá là, ọkọ̀ ò lè wọlé.

Àárín bẹ́líìtì lo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ṣúgà yẹn. Bá mi wá èyí tó nípọn ránṣẹ́. Má pe fóònù o. Ariwo bíi ti òkun nìkan ni mò ń gbọ́ nínú rẹ̀ báyìí. O sì ní o ń bọ̀ nígbà ooru. Ooru wá, ó lọ, mi ò rí ọ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ń retí,
Ovide Bouliane


Martinique,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá, 1993

Bàbá mi,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìfaradà. Ara gbogbo wa le. Odile ti ń rá, kò sì sí ohun tó rí nílẹ̀ tí kì í fi sẹ́nu. Hyacinthe ní kí n kí yín, ó ní yàrá yín ṣì ń dúró dè yín, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbà ooru dùn yín jù. Ọmọ ọwọ́ ni Odile nígbà yẹn, mi ò lè gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó ní okun.

Mo bi àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nípa bẹ́líìtì. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣàwàdà, nígbà tí mo ní ẹ̀rọ kan wà tí ń fọ́n omi dídì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Èyí tó wà níbí, erin ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín, ìrèké odidi oko ló ń fà. Kò lè wọ púlì tí bẹ́líìtì yín ń yí lé.

Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kì í dédé kú, Bàbá. Ohun tó pa á wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá èyí tí Fernand ń tà fún yín kò tẹ́ẹ́rẹ́ jù, torí bí gígùn rẹ̀ tilẹ̀ bá a mu, tó bá ti ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ihò púlì, kò ní lè fẹ̀gbẹ́ di nǹkan mú. Ẹ fi igi tó tọ́ kan gbé lé ojú púlì méjèèjì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, etí bẹ́líìtì ni yóò máa họ. Kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ wá fi igi yí irin alábẹ iwájú wò. Bó bá le, ìpata ti mú un nídìí nìyẹn, bẹ́líìtì sì ń ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ń jò sí i. Ẹ tún wo sípíríǹgì rẹ̀ àti wáyà tó so mọ́ irin ìdìmú ọwọ́ ọ̀tún, bóyá wọ́n ti dẹ̀.

Ẹ má sọ pé ẹyin ń kọ́ adìyẹ níṣẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi.

Mo tún fẹ́ bi yín, ṣé kò sí ẹlòmíì tó lè máa la ọ̀nà Màmá Pilote? Ẹ ti ń dàgbà.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
Marielle


Saint-Fulbert,
Ọjọ́ keje oṣù kìíní, 1994

Marielle,

A kú ọdún tuntun. Mo jẹ páì ẹran lọ́dọ̀ Bérangère lọ́jọ́ Kérésì. Òun kò jẹ, torí iyọ̀ ti di èèwọ̀ fún un, ó kàn jókòó ó ń wò mí lẹ́nu ni.

Mo ṣe gbogbo ohun tí o ní kí n ṣe. Bẹ́líìtì Fernand bá ihò púlì mu rẹ́gí. Mo gbé igi lé ojú púlì, kò yẹ̀. Irin iwájú ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ́ìlì kankan ò jò. Mo pààrọ̀ sípíríǹgì, mo pààrọ̀ wáyà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì dáa nígbà tí mo yọ wọ́n. Inú mi dùn, mo ní ó tán. Kó tó di ọjọ́ àwọn Amòye Mẹ́ta, èéfín ti tún bo mí. Mo di òkú bẹ́líìtì náà sínú páálí, mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Wò ó fúnra rẹ.

O bèèrè bóyá ẹlòmíì lè máa la ọ̀nà Bérangère. Ta ni? Ọkọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kì í kọjá títì, òkìtì yìnyín ló sì ń gbá sẹ́nu ọ̀nà wa kó tó lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí ìlú. Àwọn kan tiẹ̀ kó lọ sí ibi tí ìrèké ń hù. Ọmọ àbúrò Bérangère obìnrin ti ń wá àwáwí tó máa fi gbé e lọ sí ilé àwọn arúgbó. Tó bá gbọ́ pé ọ̀nà ò là lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti rí i nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé e lọ, iná fèrèsé ta ni n ó máa wò? Ìwọ sọ fún mi.

Má fi bí mo ṣe kọ̀wé yìí ṣe nǹkan kan. Òtútù ló wà nínú ilé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín,
Bàbá rẹ


Martinique,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní, 1994

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún. Ọ̀rọ̀ ìrèké tí ẹ sọ dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Páálí náà dé. Mo gbé bẹ́líìtì yẹn lọ sí ibi iṣẹ́, mo sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì lábẹ́ iná. Etí rẹ̀ ò họ, nítorí náà púlì yín tọ́ lóòótọ́. Kò wú, kò rọ̀, ọ́ìlì ò kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń dán bíi dígí, ó ti le gbandi, ó sì sán káàkiri inú. Bẹ́líìtì tó ń yọ̀ lójú púlì ló máa ń rí báyìí. Púlì ń sáré, kò sì sí ohun tó tẹ bẹ́líìtì mọ́ ọn dáadáa kí wọ́n lè jọ sáré, ó wá ń ha ara rẹ̀ títí ó fi jóná.

Sípíríǹgì ló máa ń tẹ̀ ẹ́, wáyà ló ń fa sípíríǹgì, ẹ sì ti pààrọ̀ méjèèjì. Ohun tó ku ni irin ìdìmú tó ń fa wáyà. Bí a kò bá tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀, ìdajì ni bẹ́líìtì ń fún. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi nígbà tí mo ṣì kéré pé, "Tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, tàbí kí o má tẹ̀ ẹ́ rárá." Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa tẹ̀ ẹ́ ní ìdajì.

Nítorí náà mo ní láti bèèrè, kò sì rọrùn fún mi. Kí ló ń ṣe ọwọ́ ọ̀tún yín? Mo gbé lẹ́tà yín ti ọdún tó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ti àìpẹ́ yìí. Kì í ṣe òtútù ló ń mú kí ìkọ̀wé ènìyàn kéré tó báyìí, Bàbá.

Ẹ dá mi lóhùn.

Marielle


Martinique,
Ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, 1994

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí ìdáhùn. Ìkórè ìrèké ti bẹ̀rẹ̀, a kì í sinmi, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọlé, àpótí lẹ́tà ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ kí n mọ̀ pé mo ṣẹ̀ yín. Ìdákẹ́ yìí burú ju èébú lọ.

Odile dìde dúró, ó di ẹsẹ̀ àga mú. Mo ní kí ẹ gbọ́.

Ọmọ yín,
Marielle


Saint-Fulbert,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kejì, 1994

Marielle,

Mo gba lẹ́tà rẹ, inú sì bí mi. Mo kà á, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀. Kò sí ohun tó ń ṣe ọwọ́ mi ju ohun tó ń ṣe ọwọ́ gbogbo àgbàlagbà lọ. Ó máa ń gbọ̀n díẹ̀, kì í sì í fẹ́ di nǹkan mú. Ọwọ́ òsì tí mo fi ń mú ẹ̀rọ rìn ṣì ń gbọ́ràn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìjì tó kọjá, mo wà láàárín ọ̀nà Bérangère nígbà tí bẹ́líìtì tún gbiná. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn ti dúró sójú títì. Mo mú ṣọ́bìrì, mo ń wa yìnyín, awakọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ ó ń bá mi wà á. Yìnyín náà ti dì bí òkúta. Nígbà tó yá, ó ní àwọn aláìsàn mìíràn wà nínú ọkọ̀ òun, ó sì wakọ̀ lọ. Bérangère dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, ó ti wọ fìlà rẹ̀. Ó ní, "Kò burú, Ovide, ọ̀la ń bọ̀." Nígbà tí ọ̀la fi máa dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ ò délẹ̀ mọ́. Katakata ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi lànà kí wọ́n tó rí i gbé. Ó ti padà sílé. Ṣùgbọ́n mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Mo jókòó, mo sì tún lẹ́tà rẹ kà. Òótọ́ lo sọ nípa irin ìdìmú. Mo bá wá awọ ìjánu ẹṣin bàbá mi jáde, mo fi dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́líìtì ò jóná mọ́. Bí mo bá ti dè é, ó ń yí títí n ó fi parí ọ̀nà méjèèjì. Bí yìnyín tútù bá di ẹnu rẹ̀, mo ní igi kan tí mo fi ń tú u. Kò rọrùn láti máa tú awọ kí n tún máa dè é, ọwọ́ mi ò gbà, nítorí náà mo máa ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ.

O rí i pé mo ṣì mọ iṣẹ́ mi.

Bàbá rẹ,
Ovide


Martinique,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, 1994

Bàbá,

Lánàá ni lẹ́tà yín dé. Mo pe fóònù ilé títí, ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní "Mi ò gbọ́," ẹ sì gbé e kalẹ̀. Mo bá pe Màmá Pilote, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín.

Wọ́n ṣe irin yẹn kó máa dìde fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀, kí abẹ lè dúró bí ènìyàn bá ṣubú, bí igi bá fa ènìyàn wọlé. Ẹ ti de ohun kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ yín mọ́lẹ̀. Ẹ rántí Lucien Imbeau. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ kí i nílé, tí ẹ ní kí ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kí n lè rí ohun tó kù lẹ́yìn tí irú ẹ̀rọ yìí gé ìka rẹ̀. Mo ń sunkún lọ, mo ń sunkún bọ̀, ẹ ò sì bẹ̀ mí.

Ìkórè ti gbóná, bí mo bá kúrò báyìí, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ẹ ṣáà sọ pé kí n wá, n ó wá.

Marielle


Saint-Fulbert,
Ọjọ́ keje oṣù kẹta, 1994

Marielle, ọmọ ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu láti ibí.

Nígbà tí o pè mí, ẹ̀rọ ti ń dún níta. Mi ò dúró wọ kóòtù tán. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń gé ẹran, mo gba inú yìnyín kọjá, ó mù mí dé orúnkún. Bàbá rẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, igi rẹ̀ ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo pè é, kò gbọ́. Mo kọjá sí ẹ̀gbẹ́ irin ìdìmú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé awọ náà. Awọ àtijọ́ le, ọmọ mi. Ó yíjú, ó rí mi, ó rí ọ̀bẹ, ó fa igi rẹ̀ jáde. Nígbà tí awọ já, irin náà ta sókè, ohun gbogbo tó ń yí lẹ́nu rẹ̀ sì dúró.

Ó ní, "Ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbé ọ. Ẹ̀mí ara rẹ lò ń gé yẹn, Bérangère."

Mo ní, "Tèmi ni. Fi mí sílẹ̀ kí n gé e."

Ó jókòó sórí òkìtì yìnyín. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n lórí orúnkún rẹ̀ bí ẹyẹ tó fẹ́ kú, ó sì ń fi ọwọ́ kejì bò ó kí n má baà rí i. Láti ìgbà tí a ti jẹ́ aládùúgbò, mi ò rí kí ọkùnrin yẹn bo nǹkan kan rí.

Mo wọlé, mo pe Gilberte tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́. Ó dé, ó tẹ irin náà délẹ̀, ó la ọ̀nà mi. Ọkọ̀ wọlé, wọ́n gbé mi lọ.

Bàbá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi. Lẹ́yìn ìsìn, ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ tó ń gbé ọ yẹn, ṣé àyè ẹnìkan ṣì wà nínú rẹ̀?"

Mo ní àyè wà.

Èmi tó mọ ìyá rẹ,
Bérangère Pilote


Saint-Fulbert,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta, 1994

Marielle ọmọ mi,

Ìkọ̀wé Bérangère lò ń kà yìí, ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti wá. Mo ní kó má ṣàtúnṣe sí i. Ó ní bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ burúkú, òun ò ní kọ ọ́.

Mo ti rí dókítà. Ó ní kí n máa fi ìka kan ìka, kí n rìn lọ kí n rìn bọ̀ níwájú òun. Lẹ́yìn náà, ó sọ orúkọ àìsàn náà fún mi. Àrùn tó ń mú ara gbọ̀n ni. Kò ní lọ. Oògùn á mú kó rọra máa bọ̀ ni. Mo bi í bóyá iṣẹ́ ló fà á, ó ní rárá, kò sí ẹni tó mọ ohun tó fà á. Ìyẹn ló ṣòro jù fún mi láti gbọ́. Gbogbo nǹkan tó bàjẹ́ lójú mi rí, mo máa ń rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Gilberte ló ń wa ẹ̀rọ báyìí. Mo máa ń dúró lójú fèrèsé kí n wò ó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ jáde lọ bá a jà torí bó ṣe ń gba igun. Mo jókòó. Nígbà tó parí, ó ti ojú ọ̀nà wá, ó bi mí bóyá ó dáa. Mo ní ó dáa. Ó dáa lóòótọ́.

Tí Bérangère bá ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀, mo máa ń bá a lọ. Wọ́n máa ń fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ń sùn, mo ń wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń gba inú rọ́bà jáde, tó sì ń padà wọlé. Ọmọ àbúrò rẹ̀ wá, ó bá wa níbẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ ilé arúgbó mọ́, bóyá títí òtútù mìíràn. Mi ò tan ara mi jẹ.

Má fi ìrèké sílẹ̀ nítorí mi. Mo bínú sí ọ nítorí fóònù tí o pè, ìbínú náà sì ti rọ̀. Ká ní o ò pè é ni, mi ò mọ ẹni tí ìwọ ì bá máa kọ lẹ́tà sí báyìí.

Ṣùgbọ́n tí ìkórè bá parí, máa bọ̀. Jẹ́ kí Hyacinthe náà wá, màá bá a wá bàtà tó nípọn. Dókítà ò lè sọ bí ó ṣe máa pẹ́ tó kí ọwọ́ yìí tó kọ̀ pátápátá. Láàárọ̀ yìí, mo gbé àpò fúlawà láti ibi ilẹ̀kùn dé orí tábìlì, kò bọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é ni. Bérangère bi mí kí ni mò ń ṣe, mo ní mò ń wọn ọmọ.

Gbé Odile wá, kí n gbé e.

Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ yìí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Ovide